Ìwọ Tí Wọ́n Máa Pè Ní Ẹ̀gbọ́n

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé o ti gbà láti máa kọ́ àwọn tuntun ní iṣẹ́ títọ́jú pákéèjì. Mo bá ọ yọ̀, mo sì káàánú rẹ díẹ̀. Iṣẹ́ náà ò lówó oṣù, kò ní ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ àwọn tó sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ ni ò mọ̀ pé èèyàn kan ń ṣe é rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n sì máa pè ọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Nítorí orúkọ yẹn ni mo ṣe ní kí n bá ọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé.

Àwọn òbí wọn á bi ọ́ léèrè ohun tí ẹ jọ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Sọ ọ́ fún wọn ní ṣókí. Ẹnì kan jókòó síbì kan lágbàáyé, ó kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú gbogbo kóòdù rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wo inú rẹ̀, kó sì tún un ṣe. Kóòdù yẹn ò tíì wúlò fún ẹni tó kàn fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹlòmíràn ní láti gbà á, kó wo àwọn ètò mìíràn tó gbára lé, kó yẹ òfin tó de lílò rẹ̀ wò, kó dì í bó ṣe yẹ, kó dán an wò, kó sì máa ṣọ́ ọ lọ lẹ́yìn náà nígbà tí àtúnṣe bá jáde tàbí tí wọ́n bá rí ibi tí olè lè gbà wọ inú rẹ̀. Ohun tí ó dì yẹn ni pákéèjì. Ẹni tó dì í ni olùtọ́jú.

Debian, ọ̀kan lára àwọn ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí irú pákéèjì bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ian Murdock, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, ló kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1993. Ó mú orúkọ Debra, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ nígbà náà, ó fi Ian tirẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà náà wá, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló gbé e dúró. Ubuntu tí ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì mọ̀, orí Debian ni wọ́n kọ́ ọ lé. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 2004, òun náà sì ti wà lára àwọn olùtọ́jú Debian ní àwọn ọdún 1990. Rán àwọn ọmọ létí èyí, nítorí àwọn kan á wá bá ọ bí ẹni tó wọ ilé onílé.

Nípa bí o ṣe máa gbà wọ́n, rántí pé Ìjagun nílẹ̀ Ìjẹ̀bú la wà, orúkọ Tai Solarin ló sì wà lára yunifásítì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ níbí ní 2005, tó jẹ́ yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin náà, tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, ò fẹ́ kí ọmọ jókòó tẹtẹrẹ. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn dáko. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, ó kọ ìkíni ọdún tuntun sínú ìwé ìròyìn Daily Times, ó sì ṣàdúrà fún àwọn òǹkàwé rẹ̀ pé kí ọ̀nà wọn rí gbágungbàgun.

Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ẹ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ yìí tí wọ́n sọ àdúrà yẹn di àwáwí. Ọmọ béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ní kó lọ ka ìwé. Ó ka ìwé, ìwé ọ̀hún ti ṣá, àwọn àṣẹ inú rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó padà wá, wọ́n ní báwọn náà ṣe jìyà kí àwọn tó mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ọ̀nà ọmọ yẹn ti rí gbágungbàgun kó tó bá ọ pàdé. Iná ò sí, dátà wọ́n, kọ̀ǹpútà tó ń lò ti kọjá lọ́wọ́ ẹni méjì kó tó kàn án, ìdánwò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí lo tún fẹ́ kó òkúta sí i fún?

Dípò bẹ́ẹ̀, gbé èyí tó bá ṣeé gbé kúrò níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ dán pákéèjì wò lórí ètò tó mọ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á lọ kó ọ̀pọ̀ fáìlì wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà tó fẹ́ fi kàwé á sì lọ síbẹ̀. Nǹkan kan wà nínú Debian fúnra rẹ̀ tó ń jẹ́ apt-cacher-ng: ẹ̀rọ kan á gba fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ìyókù tó wà nítòsí á máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan níbi tí ẹ ti ń pàdé. Àwọn tí ò lè wá, fi fláàṣì kó àwọn fáìlì náà ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀sán ọjọ́ kan lo máa fi ṣètò rẹ̀, ó sì máa ran ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́ ju ìwàásù lórí sùúrù lọ.

Bí wọ́n bá ti jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé wá ni pé àwọn fẹ́ ṣe pákéèjì tuntun. Ọmọ ti rí ètò kan tó wù ú, kò sí i ní Debian, ó fẹ́ jẹ́ ẹni tó mú un wọlé. Má gbà fún un. Debian tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, èyí tí wọ́n sọ ní trixie, ní pákéèjì tó lé ní 69,000 nínú. Àwọn tó ní àṣẹ láti gbé iṣẹ́ wọlé sínú gbogbo rẹ̀ fúnra wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ṣírò rẹ̀ fún wọn. Àwọn pákéèjì tó ti wà nílẹ̀ tí ojú ò kárí ló pọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni kí o fi lé ọmọ lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré tó, bó bá ṣáà ti jẹ́ pé ẹnì kan ń lò ó ní tòótọ́.

Nínú èyí náà, fáìlì tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kà ni èyí tí gbogbo ayé ń sá fún, debian/copyright. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ẹni tó ni fáìlì kóòdù kọ̀ọ̀kan àti ohun tí òfin gbà kéèyàn fi ṣe. Jẹ́ kí ọmọ ṣí fáìlì kóòdù lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi wé ohun tó wà lákọsílẹ̀. Á sú u. Á sì rí i pé ẹnì kan ti kó àwòrán tí kì í ṣe tirẹ̀ sínú ètò tó pè ní ọ̀fẹ́. Ọjọ́ yẹn ni yóò mọ ohun tí Debian ń sọ láti 1997 nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn wọn pẹ̀lú aráyé pé ohun tí àwọn bá kó jọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ délẹ̀délẹ̀. Èèyàn lè ka àdéhùn náà nígbà mẹ́wàá kó má yé e tó bẹ́ẹ̀.

Tí iṣẹ́ náà bá parí, orúkọ ọmọ á wọ debian/changelog, fáìlì tí wọ́n ń kọ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sí. Sọ fún un kó kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, pẹ̀lú àmì ohùn lórí àti àmì ìsàlẹ̀. Òfin Debian gba UTF-8 níbẹ̀, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé tó gba irú àmì bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí láti kọ orúkọ Ìjẹ̀bú bí ẹni ń sá fún nǹkan. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá ti wà nínú Linux lábẹ́ ti Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ìgbò. Ẹnì kan ló jókòó tó ṣe é, a ò sì san kọ́bọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá lẹ́kọ̀ọ́ kì í já àgbà nírọ́. Bí o bá ṣàlàyé nǹkan tán tí o bi í bóyá ó yé e, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kò yé e. Ó mọ̀ pé kò yé òun. Ó kàn rò pé bíbéèrè lẹ́ẹ̀kejì á jọ pé òun ń fi ọ́ ṣeré ni. Bí o bá ṣe àṣìṣe lójú rẹ̀, á rí i, á sì dákẹ́. Ìwà rere ni nínú ilé, n kò ní kó jù ú nù. Níbi iṣẹ́ yìí, ó lè ba nǹkan jẹ́ ju bí o ṣe rò lọ.

Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí OpenSSL nínú Debian. OpenSSL ni ọ̀pọ̀ ètò fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Ní 2006, olùtọ́jú rẹ̀ rí i pé irinṣẹ́ tó ń wá àṣìṣe ń ṣàròyé nípa ìlà méjì nínú kóòdù náà. Kò dá a ṣe. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ OpenSSL bóyá òun lè yọ wọ́n. Ìbéèrè náà ò sọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe, ìdáhùn náà ò sì tú u wò dé ìdí. Ẹnì kan ní kò burú bó bá jẹ́ nítorí wíwá àṣìṣe. Ó yọ wọ́n. Ọ̀kan nínú ìlà méjì yẹn ló ń da ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè méfò sínú kọ́kọ́rọ́. Láti ọjọ́ náà, gbogbo kọ́kọ́rọ́ irú kan tí Debian àti Ubuntu lè ṣe lórí irú ẹ̀rọ kan ò ju 32,768 lọ, èyí tí olè lè dán wò tán kíákíá. Nǹkan bí ọdún méjì ni kò fi hàn sí ẹnikẹ́ni, títí di oṣù karùn-ún 2008 tí Luciano Bello, ọmọ Ajẹntínà tó wà nínú Debian, fi tú u fó. Jákèjádò ayé ni wọ́n ti ń pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́, tí wọ́n ń ṣe òmíràn.

Àwọn èèyàn ń bú olùtọ́jú yẹn títí dòní. Èmi ò bá wọn bú u, ó ṣáà béèrè. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni ìbéèrè tó kúrú jù àti ìdáhùn tó yá jù. Nítorí náà, má máa bi ọmọ bóyá ó yé e. Ní kó ṣàlàyé fún ọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ìlà tó fẹ́ yọ ń ṣe, ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, ìlà náà á dúró. Lẹ́yìn náà, fún un níṣẹ́ tìrẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí o sì sọ fún un pé o retí pé kó rí nǹkan. Ọmọ tó bá ti tọ́ka sí àléébù kan nínú iṣẹ́ rẹ, tí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àwọn tó kù, àwọn ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kó wí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó fi "ẹ jọ̀ọ́" bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò ní ká má wí i.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ọmọ á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ará Jámánì kan tí wọn ò rí ara wọn rí, èsì á dé láìsí ẹ káàárọ̀, láìsí báwo ni ilé: ohun mẹ́fà ló kù díẹ̀ káàtó, tún wọn ṣe. Ọmọ á gbà pé wọ́n bú òun. Jókòó tì í, ẹ jọ ka lẹ́tà náà, kí o fi hàn án pé ẹni tó kọ ọ́ ti fi wákàtí kan lára àkókò rẹ̀ wo iṣẹ́ ọmọ tí kò mọ̀ rí. Àmọ́ o, tó bá jẹ́ pé ìwọ̀sí ni lóòótọ́, má bá a pa á mọ́lẹ̀. Debian ní òfin ìwà, wọ́n sì ní àwọn tí èèyàn lè fi ẹjọ́ sùn.

Nípa bí èèyàn ṣe ń kọ́ni, mo ṣì rò pé àwọn télọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó rí i nígbà tí sísọ́ọ̀sì ṣìnà lórí léèsì oníbàárà, ó sì rí bí ọ̀gá ṣe dọ́gbọ́n sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ tó ti parí tónítóní ni ọmọ ń rí, á wá rò pé òun nìkan ló ń ṣe àṣìṣe. Jẹ́ kí wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ nígbà tí nǹkan ò lọ. Ohun tí mi ò fẹ́ kí o mú lọ́dọ̀ télọ̀ ni ìdè. Ọmọ tìrẹ ò sanwó, kò sì tọwọ́ bọ ìwé pẹ̀lú rẹ. Bó bá wù ú, kò ní wá lọ́la. Fíríìdọ̀mù tiwa kì í sì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ń se ìrẹsì. Láti 2007 ni Debian ti fi ìpele kan sí àárín: ẹni tí wọn ò tíì fún ní àṣẹ lórí ohun gbogbo lè gba àṣẹ lórí pákéèjì tó ti fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n tọ́jú. Lo ìpele yẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n kan ń mú ọmọ dání fún ọdún gbọọrọ nítorí pé wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa bẹ àwọn.

Kó tó dé ìpele yẹn, ìwọ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ lo máa fi buwọ́ lu iṣẹ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Ka gbogbo ìlà tó yí padà, kódà bó bá jẹ́ ọmọ tí o fẹ́ràn jù lọ, kódà bí iná bá fẹ́ lọ.

O máa bi mí pé báwo lo ṣe máa mọ ẹni tó yẹ kí o fọkàn tán, nítorí ọ̀rọ̀ xz. Lasse Collin, ọmọ Fínlándì, ti ń dá tọ́jú xz fún ọ̀pọ̀ ọdún, ètò kékeré tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀, tó wà lórí kọ̀ǹpútà Linux tí kò níye. Ní 2021, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára. Ní 2022, àwọn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fòró Collin pé ó ń falẹ̀, pé kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó lágbára. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ọkàn òun ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, àti pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Wọn ò dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, Jia Tan di olùtọ́jú pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, tó jáde ní oṣù kejì àti oṣù kẹta 2024, ó fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ kan pamọ́ tí ì bá jẹ́ kí ó wọ sáfà oní-sáfà. Andres Freund, òṣìṣẹ́ Microsoft tó ń dán ètò PostgreSQL wò lórí Debian, ló ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ ń pẹ́ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Kò fojú fò ó. Ó tọpa rẹ̀ dé ìdí, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ náà ti wọ ẹ̀dà Debian tí wọ́n ṣì ń dán wò, kò tíì wọ èyí tí aráyé ń lò.

Àwọn kan ti fi ìtàn yìí pinnu pé àwọn ò ní gba àjèjì mọ́. Mo rò pé wọ́n ṣì í kà. Bí Collin bá ní ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ta ni ì bá rí i fòró? Èèyàn kan ṣoṣo tó ti rẹ̀ ni ẹni ibi ń wá. Nítorí náà, ẹni tó ń kánjú kí o fún òun ní àṣẹ, ìkánjú rẹ̀ ni kí o wò kí o tó wo iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹni tó ti rẹ̀ jà nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́, má bá a jiyàn lórí òfin, dá a dúró. Ọmọ tó bá wá sọ fún ọ pé "ẹ̀gbọ́n, nǹkan yìí ń pẹ́ díẹ̀ ju ti àná lọ", fi ohun tí ò ń ṣe sílẹ̀ kí o lọ wò ó.

Ó ku owó. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wá, wọ́n sì ti fi owó ṣe wá yẹ̀yẹ́ tó, ẹ má jẹ́ ká díbọ́n pé kò kàn wá. Ìyá ọmọ á béèrè pé èló ni wọ́n ń san. Má parọ́ fún un pé ó ń bọ̀. Sọ pé wọn kì í san nǹkan, pé iṣẹ́ tó ṣeé fi han agbanisíṣẹ́ ni ọmọ ń kó jọ. Sọ̀rọ̀ Outreachy fún àwọn tó bá yẹ: oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ni lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń san 7,000 dọ́là fún ẹni tí wọ́n bá mú, Debian wà lára àwọn tó ti ń gba ọmọ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin, darí wọn sí She Code Africa tí Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ ní 2016. Òun àti Samson Goddy náà ló bẹ̀rẹ̀ Open Source Community Africa ní 2018. Ọmọ tó bá ní kí òun lọ wá owó ná, jẹ́ kó lọ láìbínú.

Púpọ̀ nínú wọn máa lọ. Ẹnì kan á ríṣẹ́ ní Èkó, òmíràn á lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan ní Sókótó, ìwọ ò sì ní gbúròó wọn mọ́. Ìtìjú ló sábà máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, wọ́n rò pé ẹni tó bá gba pákéèjì ò gbọ́dọ̀ dá a padà láé. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí o ti kọ́ wọn bí a ṣe ń kéde pé a nílò olùrànlọ́wọ́, àti bí a ṣe ń kéde pé a ti fi pákéèjì sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè gbà á. Debian ní ẹgbẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wá àwọn olùtọ́jú tó ti dákẹ́, kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù béèrè bóyá wọ́n ṣì wà. Ìwọ náà, kọ lẹ́tà sí ọmọ tó dákẹ́, béèrè àlàáfíà rẹ̀ kí o tó béèrè pákéèjì.

Kí o sì tó gba ẹnikẹ́ni sọ́dọ̀, ka àwọn pákéèjì tìrẹ. Gbogbo èyí tó bá jẹ́ orúkọ rẹ nìkan ló wà lórí rẹ̀, wá ẹnì kejì sí i nínú oṣù yìí.